Notion: ìwé ara mi ni mo fi í ṣe tẹ́lẹ̀, ó ti wá di ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù

Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń bi mí pé ápù wo ni mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ kọ́sítọ́mà sílẹ̀, torí wọ́n máa ń rí i lọ́wọ́ mi tí wọ́n bá wá sí ṣọ́ọ̀bù, mo kàn máa tẹ orúkọ wọn ni, èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn ọwọ́, gbogbo ẹ̀ á jáde, títí kan ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tí wọ́n ṣì jẹ mí lórí bùbá ọdún tó kọjá. Notion lorúkọ ẹ̀. Láti 2020 ni mo ti ń lò ó. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, èmi nìkan ni. Látìgbà yẹn wá, èmi àtàwọn márùn-ún tá a jọ ń ránṣọ níbí n'Íbàdàn la jọ ń lò ó, ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Gbogbo rífíù tí mo máa ń kà nípa ẹ̀, ẹnì kan tó dá jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù, tí kọfí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ló máa ń kọ ọ́. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ bó ṣe ń rí tẹ́ ẹ bá gbé e fún ẹni tí sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìgbà Kòrónà, tí gbogbo wa wà nílé, kò sí òde, kò sí aṣọ ẹbí, mo ní kí n kúkú fi àyè yẹn tún àwọn ìwé mi kọ. Ìwé ẹlẹ́yìn líle mẹ́ta ni mo ní. Òjò ti pa ọ̀kan, ọ̀kan ti já sí méjì, ọmọ iṣẹ́ kan ló kó ẹ̀kẹta mọ́ ẹrù ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tó gba fíríìdọ̀mù, a ò sì rí i gbà padà títí dòní. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn gan-an ni Notion sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ń dá a lò, kó kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀, kò lópin. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹgbẹ̀rún kan blọ́ọ̀kù ni wọ́n máa ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Blọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá gbé sójú ìwé, ìpínrọ̀ kan blọ́ọ̀kù kan, fọ́tò kan blọ́ọ̀kù kan, kódà ilà tẹ́ ẹ fà láàárín blọ́ọ̀kù kan ni. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ blọ́ọ̀kù yìí o, ó ń bọ̀ wá dá wàhálà sílẹ̀ níwájú.

Ohun tó jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, jẹ́ kí n fi aṣọ ṣàlàyé ẹ̀. Yáàdì méjì àǹkárá wà nílẹ̀, ẹ lè ró o, ẹ lè fi ṣe ìpele, ẹ lè fi gbọ́mọ pọ̀n, aṣọ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àwọn kọ́sítọ́mà mi ṣe wà nínú Notion. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́, bí mo bá wò ó báyìí tábìlì ni, tí mo bá yí i, kàlẹ́ńdà ni, mo rí i pé aṣọ mẹ́rin ló máa jáde lọ́jọ́ Sátidé, tí mo bá tún yí i, ó di bọ́ọ̀dù tí wọ́n tò ní òpó òpó, ti gígé lọ́tọ̀, ti orí máṣíìnì lọ́tọ̀, ti bọ́tìnì àti àyọ̀nù lọ́tọ̀, ti ẹni tó máa wá gbé e lọ́tọ̀. Èèyàn kàn máa fi ọwọ́ fa orúkọ láti òpó kan bọ́ sí èkejì ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù mo sì ń tò ó bí ẹni tó ń to ìlẹ̀kẹ̀, tí ọkọ mi ń bi mí pé ṣé iṣẹ́ tuntun ni mo ti gbà ni.

Mo wá lọ ka ìtàn àwọn tó ṣe é, torí ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn Amẹ́ríkà tí ò mọ̀ pé mo wà láyé ni wọ́n ṣe nǹkan tó bá ṣọ́ọ̀bù mi mu báyìí. Àṣé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe gan-an ò tà. Ivan Zhao, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà tó lọ kàwé ní Kánádà, àti Simon Last ló wà nídìí ẹ̀, 2013 ni ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco. Èrò wọn ni pé kí ẹni tí ò mọ kóòdù, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń ṣe ápù, lè dá irinṣẹ́ tiẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ téló ṣe lè gán aṣọ ara ẹ̀ níbi tó ya. Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ẹni tí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ń pa lọ, ṣé ó tún máa jókòó rọ irinṣẹ́ tó máa fi ṣe é ni? Nígbà tó fi máa di 2015 owó ti fẹ́ tán, wọ́n ní káwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ní máa lọ, àwọn méjèèjì wá di ẹrù, wọ́n forí lé Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànù níbi tí ìnáwó ti fúyẹ́ ju San Francisco lọ, wọ́n da gbogbo kóòdù nù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Owó tí màmá Zhao yá wọn wà lára ohun tó gbé wọn dúró. Ẹ̀yin náà ẹ wo ibi tí màmá ti máa ń wọ ọ̀rọ̀.

Èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2016, wọn ò polówó ẹ̀ pé ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń rọ irinṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní ẹ wá kọ nǹkan sílẹ̀, ìwé ìkọ̀wé ni. Èrò ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀, wọ́n kàn fi bò ó ni, bí ìyá ṣe máa ń po àgùnmu mọ́ ẹ̀kọ fọ́mọ, ẹ̀kọ lọmọ rò pé òun ń mu. Zhao fúnra ẹ̀ máa ń ṣàlàyé ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ṣúgà bò ni tiẹ̀ ń pè é. Ní 2018 ni wọ́n wá kó tábìlì àti bọ́ọ̀dù tí mo sọ yẹn wọ inú ẹ̀, ibẹ̀ ló ti gbiná. Ní 2021 àwọn tó fowó sí i díye lé ilé iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, nígbà tó sì di 2024 wọ́n ní àwọn tó ń lò ó ti lé ní mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí owó náà ti ń wọlé ló kàn mí jù, torí ara mi ni mo rí níbẹ̀. Èmi tí mò ń dá a lò, mi ò san kọ́bọ̀. Wọn ò fẹ́ owó lọ́wọ́ mi. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni pé kí n fẹ́ràn ẹ̀ débi pé mi ò ní lè gbẹ́nu dákẹ́, kí n fi han ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, kí n ní "wò ó, jẹ́ n fi lìǹkì yìí ránṣẹ́ sí ẹ", kí àwa méjì di mẹ́ta, kí mẹ́ta di odindi ọ́fíìsì, ọjọ́ tó bá di ọ́fíìsì lowó bẹ̀rẹ̀, orí orí ni wọ́n sì ń gbà á, kì í ṣe ilé ilé. Bí àwọn tó ń ta súìtì ṣe máa ń fún ọmọ kan ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè lọ fi han gbogbo kíláàsì. Mi ò sọ pé ó burú o. Ọlọ́jà tó bá fẹ́ tà á fúnni tọ́ ọ wò.

Ní tèmi, àbúrò mi obìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ fi lìǹkì ránṣẹ́ sí, ní 2023. Ọ̀sẹ̀ kan péré, òun náà ti ń pariwo. Kò tún pè mí lórí fóònù mọ́ láti béèrè pé mélòó ni Ìyá Ìbejì san sílẹ̀. Mo wá ní tó bá jẹ́ báyìí, kí n kúkú kó gbogbo wọn síbẹ̀.

Ibi tí blọ́ọ̀kù ti padà dé nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti fi ẹnì kejì sínú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé, ẹgbẹ̀rún kan blọ́ọ̀kù tún ni wọ́n máa fún un yín lọ́fẹ̀ẹ́, gbogbo yín lápapọ̀, tó bá ti kún ẹ ò lè kọ nǹkan tuntun mọ́ àfi kẹ́ ẹ sanwó. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀yìn kan wà, kì í ṣe màgòmágó, ó wà nínú òfin tiwọn náà: ẹ máa dá wà níbẹ̀ bí ẹnì kan, kẹ́ ẹ wá pe àwọn tó kù wọlé bí àlejò. Àlejò mẹ́wàá ni wọ́n gbà fún ẹni tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ìwé tẹ́ ẹ bá pè é sí nìkan ni àlejò máa rí, ẹ ó sì máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé kan lẹ́yìn èkejì, ó ń gba sùúrù. Fún ṣọ́ọ̀bù tí ò ju èèyàn méje mẹ́jọ lọ, ó tó o. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún un yín pé dandan ni kẹ́ ẹ sanwó, ẹ bi í pé ṣé ó ti gbọ́ nípa àlejò.

Mo mọ̀ báyìí, mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Mo ti kọ́kọ́ sanwó. Oṣù kan. Èèyàn mẹ́fà, dọ́là mẹ́wàá mẹ́wàá, ọgọ́ta dọ́là. Káàdì náírà ò ṣiṣẹ́ fún nǹkan òkèèrè lákòókò yẹn, ẹ̀yin náà ẹ rántí, báǹkì tèmi ti kọ́kọ́ dín in kù sí ogún dọ́là lóṣù kó tó wá tì í pa pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ló bá mi san án, ó sì ń bi mí títí di àkókò yìí pé "irú ìwé wo lẹ̀ ń kọ tó ń jẹ ọgọ́ta dọ́là?" Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná. Kí wọ́n tó tú dọ́là sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, tó ṣì wà ní bí 460 ní báǹkì, ọgọ́ta dọ́là jẹ́ ₦27,600. Tó bá ti di 1,500, ₦90,000 nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tíjọba ní kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ láti 2024 ni ₦70,000. Ẹ gbọ́ mi yé? Owó ìwé ìkọ̀wé fún èèyàn mẹ́fà ju owó oṣù ẹnì kan lọ. Ẹni tó bá ń gbowó ní dọ́là lè má kà á sí, ọ̀gá téló tó ń bá kọ́sítọ́mà ná ọjà lórí ẹgbẹ̀rún kan ní láti kà á sí.

Iye tí wọ́n ń gbà báyìí: èyí tí wọ́n ń pè ní Plus, dọ́là mẹ́wàá lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù tẹ́ ẹ bá san ti ọdún kan pọ̀, méjìlá tó bá jẹ́ olóṣooṣù. Èyí tó wà lókè ẹ̀, Business, ogún dọ́là ni tẹ́ ẹ bá san ti ọdún kan pọ̀, AI wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn ronú, sì wà nínú ẹ̀. Mi ò nílò AI. Kò mọ bí agbádá ṣe ń já bọ́ léjìká.

Ó yá, ọ̀rọ̀ inú ṣọ́ọ̀bù gan-an.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà, ọlọ́pọlọ pípé, òun ló yára mọ̀ ọ́n lò jù nínú gbogbo wọn. Ọjọ́ Ẹtì kan lálẹ́, Alhaji kan fẹ́ wá gbé agbádá ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí n wo iye tó kù lọ́wọ́ ẹ̀. Mo tẹ orúkọ, kò sí. Mo tẹ nọ́ńbà fóònù, kò sí. Mo wo kàlẹ́ńdà, Sátidé ṣófo lórí ẹ̀. Òógùn bò mí.

"Ta ló yọ orúkọ Alhaji níbí?"

"Àǹtí, èmi ni, ẹ má bínú. Mo ti parí iṣẹ́ tèmi lórí ẹ̀, ni mo bá pa á rẹ́ lórí fóònù mi kó má baà gbàyè."

"Lórí fóònù ẹ kẹ̀?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, lórí fóònù tèmi nìkan ni, tiyín ṣì máa wà níbẹ̀."

Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn, mo kàn wò ó ni. Torí òótọ́ lọmọ yẹn ń sọ, gẹ́gẹ́ bí ohun tó mọ̀. Nínú WhatsApp tó ti ń lò látìgbà tó ti ní fóònù, tó bá pa nǹkan rẹ́, wọ́n máa bi í pé ṣé lọ́dọ̀ tiẹ̀ nìkan ni àbí lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn. Fóònù ẹ̀, nǹkan ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun tó wà lọ́wọ́ òun yìí kì í ṣe tòun, pé ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ gbé dání, tí ẹnì kan bá ya ojú ìwé, ó ti ya fún gbogbo wa nìyẹn. Èmi tó yẹ kí n sọ ọ́ ni mi ò sọ ọ́, torí nígbà tí mò ń dá a lò, kò sí ìdí tí mo fi máa ronú ẹ̀.

A rí i padà ṣá. Ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ máa ń wà nínú agbọ̀n ìdalẹ̀nù wọn fún ọgbọ̀n ọjọ́, ìṣẹ́jú méjì ni mo fi yọ Alhaji jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ńṣe ni ẹnì kan kọ nǹkan mìíràn lé ìwọ̀n ẹlòmíì lórí, ọjọ́ méje péré lẹ lè padà sẹ́yìn lọ wo bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, Plus ni wọ́n fún ní ọgbọ̀n ọjọ́. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ti tábìlì náà pa, ibì kan wà tí wọ́n ti máa ń tì í, orúkọ á ṣì wọlé, ìwọ̀n á ṣì wọlé, àmọ́ kò ní sí ẹni tó máa ṣèèṣì yí orúkọ òpó padà tàbí kó yọ òpó kúrò. Mo sì lẹ ìwé mọ́ ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí: ENIKENI KO GBODO PA NKANKAN RE. Láìsí àmì ohùn, gbogbo wọn ló yé.

Bàbá tó ń gé aṣọ fún wa ló wá jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Wọ́n jù mí lọ dáadáa, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là, ẹ ò lè pàṣẹ fún irú wọn. Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé, wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n wá ní "Ìyàwó, ó dáa o, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí, aṣọ ni mo fi ń gé." Íméèlì tí wọ́n fi máa wọlé gan-an, wọ́n ní ọmọ àwọn ló ṣí i, ọmọ náà wà ní Abẹ́òkúta, kò sì rántí páásíwọ́ọ̀dù. (Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣọ́ọ̀bù yín sórí nǹkan báyìí, ẹ lọ ṣètò íméèlì gbogbo wọn ná. Ọjọ́ mẹ́ta la lò lórí íméèlì, a ò lò ju wákàtí méjì lọ lórí Notion fúnra ẹ̀.)

Ohun tó wá ṣiṣẹ́ ni tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan tí ojú ẹ̀ ti sán. Mo gbé e kọ́ ògiri lókè tábìlì ìgéṣọ, mo fi àkáǹtì tèmi ṣí i, mo ṣe ojú ìwé kan tí nǹkan mẹ́ta péré wà lórí ẹ̀, orúkọ kọ́sítọ́mà, fọ́tò sitáì, àti àpótí kékeré kan tí wọ́n máa tẹ̀ tí wọ́n bá ti gé e tán. Ìwọ̀n ẹ̀ máa jáde tí wọ́n bá tẹ orúkọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ kejì mo gbọ́ tí wọ́n ń pe ọmọ iṣẹ́, "Wá bá mi ṣí Ìyá Aláṣọ yìí, mo fẹ́ wo ìbàdí wọn." Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àmì ṣọ́ọ̀kì funfun lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Oríkèé ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, torí ṣọ́ọ̀kì ti máa ń kún gbogbo orí ìka wọn. Títí dòní wọn ò gbà pé àwọn ń lo Notion, "fọ́tò ara ògiri" ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí mo wá rí nínú gbogbo ẹ̀ ni pé irinṣẹ́ tí èèyàn bá fẹ́ràn fúnra ẹ̀, ó ti gbà láti jìyà lórí ẹ̀. Èmi gbà. Mo fi oru tò ó, mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà torí èmi ni mo kó o síbẹ̀. Àwọn tó kù ò fẹ́ràn ẹ̀, kò sì sóhun tó ní kí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe. Fún wọn, mo ní láti yọ nǹkan kúrò ni, kì í ṣe kí n fi kún un. Ojú ìwé tèmi ní òpó mẹ́rìnlá. Tiwọn ní mẹ́ta. Ìgbà tí mo gé e kù ló tó di ti ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mi ò lo Evernote. Mo lò ó ṣáájú, kó tó di Notion. Ápù tó dáa ni fún ẹni tó fẹ́ máa ju nǹkan pamọ́, láti 2008 ló ti wà, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lókìkí nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn náà gbìyànjú láti di ti ọ́fíìsì, wọ́n gbé Evernote Business jáde ní 2012, wọ́n fi ibi ìsọ̀rọ̀ sí i ní 2014, wọ́n tiẹ̀ ń ta báàgì àti ìbọ̀sẹ̀ láàárín, ìbọ̀sẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lójú tèmi, kọ́bọ́ọ̀dù ẹnì kan ni wọ́n kọ́, wọ́n wá ní kí gbogbo ilé máa kó aṣọ sí i. Nǹkan tí èèyàn dá kọ sílẹ̀ kò dà bí iṣẹ́ tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ilé iṣẹ́ Bending Spoons ti Ítálì ló ni wọ́n báyìí, láti ìparí 2023 sì ni ẹni tí ò bá sanwó ò ti lè kọ ju àádọ́ta nóòtì lọ. Àádọ́ta! Aṣọ ẹbí kan ṣoṣo á ti jẹ ẹ́ tán.

Ẹni tí Notion ń bá du ipò níbí, kì í ṣe Evernote rárá, WhatsApp ni. Kò sẹ́ni tí ẹ máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kò béèrè íméèlì, kò béèrè dọ́là, àwọn kọ́sítọ́mà fúnra wọn wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi sitáì ránṣẹ́ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣàlàyé pé àwọn ò fẹ́ kó fún mọ́ àwọn níbí. Kí a tó ní Notion, gúrúùpù la ń lò, "Àǹtí, ẹ wo òkè", òkè wo, lábẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mẹ́sẹ́èjì àti àdúrà àárọ̀. A ò kúrò níbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ń wọlé láti WhatsApp, àbúrò mi á gbé ohun tó ṣe pàtàkì bọ́ sínú Notion, fọ́tò àti ọjọ́ àti owó. Ẹni kan gbọ́dọ̀ wà tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìyẹn. Tí ò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ápù yìí nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì wúwo díẹ̀ lórí fóònù tí mẹ́mọ́rì ẹ̀ kéré. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́ẹ̀tì, oṣù Kẹjọ 2025 ni wọ́n tó ṣe é. Ẹni tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ máa fọwọ́ ara ẹ̀ yan ojú ìwé tó fẹ́ kó wà lórí fóònù òun, tàwọn tó ń sanwó ń ṣe ara ẹ̀. Ojú ìwé àwọn tó máa gbé aṣọ lọ́sẹ̀ yìí ni mo máa ń yàn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Tíná bá lọ tí nẹ́ẹ̀tì bá tẹ̀lé e, a ṣì máa rí èjìká èèyàn wò.

Bákan náà, kò sí Yorùbá lára èdè tí ápù náà ń sọ, ṣùgbọ́n gbogbo orúkọ òpó àti ojú ìwé tèmi Yorùbá ni mo fi kọ ọ́: "Ó kù gígé", "Ó wà lórí máṣíìnì", "Ẹ wá gbé e". Àwọ̀ pupa ni mo fi sí "Ó jẹ wá".

Tẹ́ ẹ bá ń dáṣẹ́ ṣe, téló, alásè, ẹni tó ń ta bàtà lórí Instagram, mo fún un ní máàkì mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún, ẹ lọ gbé e, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì sí mẹ́sàn-án, mẹ́ta àbọ̀, ẹ lo ọgbọ́n àlejò, kẹ́ ẹ ti tábìlì yín pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe lọ́jọ́ tí Alhaji bá sọnù. Tẹ́ ẹ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, tẹ́ ẹ sì ń gbowó ní náírà, ẹ jókòó ti káńkúlétọ̀ ná kẹ́ ẹ tó jókòó ti ápù. Mo mọ ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lágbègbè wa, èèyàn méjìdínlógún, ó bi mí, mo ní kó máa lo Google Sheets ẹ̀, tábìlì ọ̀fẹ́ ti Google yẹn, lọ jàre.

Kò ní pẹ́ tí oṣù Kejìlá á fi dé, bọ́ọ̀dù ti ń kún, òpó "Ó kù gígé" nìkan ti ní mọ́kànlélógójì. Láàárọ̀ yìí Bàbá pè mí sídìí tábìlì wọn, wọ́n na oríkèé ìka sí tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní fọ́tò ara ògiri yẹn ń fi orúkọ Ìyá Aláṣọ hàn lẹ́ẹ̀mejì, ṣé aṣọ méjì ni wọ́n fẹ́ rán ni àbí ọmọ iṣẹ́ mi ló tún ti kọ ọ́ pọ̀. Mo lọ wò ó. Aṣọ méjì ni.